Ṣé àyẹ̀wò orí kẹ̀kẹ́ lè sọ ẹni tí pacemaker oníwáyà mẹ́ta máa jẹ́ fún?

Ìyá àgbàlagbà kan tí kò lè gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ láìdúró mí, dókítà ń rò ó bóyá kí wọ́n fi pacemaker, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná darí ọkàn, sí i lára, ó wá ní kó kọ́kọ́ wá gun kẹ̀kẹ́ lọ́sibítù. Wọ́n á fi ìbòmú bo imú àti ẹnu rẹ̀, wọ́n á lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, wọ́n á ní kó máa wà á lọ títí okun á fi tán nínú rẹ̀. Tí àwọn ọmọ bá gbọ́ irú èyí, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń bèèrè ni pé ṣé àwọn dókítà yìí fẹ́ pa màmá àwọn ni. Bí èsì bá wá jáde, tí ìwọ̀n ọ́síjìn tó pọ̀ jù tí ara màmá lè lò jẹ́ 11 níbi tí ọ̀dọ́ tára rẹ̀ dá ṣáṣá ti ń ní 35 tàbí 40, ẹ̀rù mìíràn tún dé. Wọ́n á ní màmá ti fìdí rẹmi, wọn ò ní fi pacemaker tí wọ́n ń sọ yẹn sí wọn lára mọ́.

Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò yìí kì í ṣe ìdánwò tí èèyàn ń yege, kì í sì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Ohun méjì ni àwọn èèyàn ń dà pọ̀ níbẹ̀: bí àìsàn ṣe le tó, àti bóyá ìtọ́jú kan pàtó máa jẹ́ fún aláìsàn. Àyẹ̀wò orí kẹ̀kẹ́ mọ ti àkọ́kọ́ dáadáa. Ti ìkejì, díẹ̀ ló mọ̀ níbẹ̀, díẹ̀ yẹn náà sì ní ibi tó wúlò sí àti ibi tó lè ṣi èèyàn lọ́nà.

Pacemaker tí ọ̀pọ̀ wa ti gbọ́ nípa rẹ̀ wà fún ọkàn tó ń lù gbẹ̀rẹ́. Èyí tí à ń sọ níbí yàtọ̀. CRT ni àwọn dókítà ń pè é, ó sì wà fún àìlera ọkàn, ìyẹn ọkàn tí agbára tó fi ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde ti dínkù, pàápàá tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kò bá ṣiṣẹ́ pọ̀ mọ́. Ọkàn tó dáa máa ń ti bíi 55 sí 70 nínú 100 ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì rẹ̀ jáde nígbàkúùgbà tó bá lù. Ẹni tí wọ́n ń ro CRT fún, tiẹ̀ ti wálẹ̀ sí 35 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀.

Iná mànàmáná kékeré ló ń darí ọkàn. Ó máa ń gbéra láti òkè, á pín sí ẹ̀ka ọ̀tún àti ẹ̀ka òsì, á sì tàn ká gbogbo yàrá ìsàlẹ̀ láàárín nǹkan bí 100 mílísẹ́kọ́ńdì, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí ẹ̀ka òsì bá ti bàjẹ́, iná náà ò rí ọ̀nà tààrà gbà mọ́, ṣe ló máa ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ gba inú ẹran ọkàn kọjá. Ògiri àárín á ti fún tán kí ògiri ẹ̀gbẹ́ òsì tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo èèyàn méjì tó ń fún bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tó rin gbìndìngbìndìn. Tí wọ́n bá lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, omi á tú. Tí ọ̀kan bá ń lọ́ ọ nígbà tí èkejì ti dẹwọ́, òógùn lásán ni wọ́n ń là. Lórí ìwé ECG, ìyẹn àkọsílẹ̀ bí iná ọkàn ṣe ń rìn, àkókò tí iná yẹn ń gbà ni wọ́n ń pè ní QRS, wọ́n sì máa ń fi mílísẹ́kọ́ńdì kà á. Tó bá ti gùn tó 150, tí bó ṣe rí sì fi hàn pé ẹ̀ka òsì ló bàjẹ́, ibẹ̀ ni CRT ti ń ṣiṣẹ́ jù. Tí kò bá tó 130, ìlànà àwọn oníṣègùn ọkàn ilẹ̀ Yúróòpù ní 2021 sọ pé kí wọ́n má tilẹ̀ fi sí i, àfi tí ìdí mìíràn bá wà tí aláìsàn fi nílò pacemaker.

Wáyà mẹ́ta ni CRT máa ń ní. Ọ̀kan wọ yàrá òkè apá ọ̀tún, ìkejì wọ yàrá ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún, ẹ̀kẹta, èyí tó ṣòro jù, á gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn ọkàn lọ lẹ̀ mọ́ ògiri òsì láti òde. Àpótí kékeré tó ní bátìrì á wà lábẹ́ awọ àyà nítòsí èjìká. Àwọn kan tún ní agbára láti ta ọkàn gìrì tó bá fẹ́ sáré àsápajúdé, àwọn kan ò ní.

Ẹ̀rí tó wà fún un kì í ṣe kékeré. Ní 2001, ìwádìí MUSTIC tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù tan ẹ̀rọ náà fún oṣù mẹ́ta, wọ́n sì pa á fún oṣù mẹ́ta lára aláìsàn kan náà. Nígbà tó wà ní títàn, ọ̀nà tí wọ́n lè rìn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà fi 23 nínú 100 gùn sí i. Ọdún tó tẹ̀ lé e, MIRACLE kó aláìsàn 453 jọ. Gbogbo wọn ni wọ́n fẹ́ fún ní ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n wọ́n fi ti àwọn kan sílẹ̀ ní pípa láìsọ fún wọn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn tí tiwọn wà ní títàn fi mítà 39 rìn jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀, àwọn tí wọ́n pa tiwọn fi mítà 10 jìnnà sí i. Nígbà tó fi máa di 2005, CARE-HF fi hàn láàárín aláìsàn 813 pé nínú 100 àwọn tó ń lo oògùn nìkan, 30 ló kú, nígbà tó jẹ́ 20 nínú 100 láàárín àwọn tó fi CRT kún oògùn wọn.

Ẹ má gbàgbé mítà 10 ti àwọn tí ẹ̀rọ wọn wà ní pípa yẹn. A máa padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà ni pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tí wọ́n fi CRT sí lára kì í rí àyípadà gúnmọ́. Owó ti lọ, iṣẹ́ abẹ ti wáyé, ewu kòkòrò àrùn wà níbẹ̀, wáyà lè yẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n fi í sí. Wáyà kẹta yẹn tún lè máa ta iṣan tó ń darí èémí, kí aláìsàn wá máa ṣe òsúkè ní gbogbo ìgbà tó bá fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀. Ó yé èèyàn ìdí tí àwọn dókítà fi ń wá ohun tó lè sọ ṣáájú ẹni tó máa jẹ́ fún.

Inú echo, ìyẹn àwòrán ọkàn tí wọ́n ń fi ìró yà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ wá a. Èrò náà dùn ún gbọ́: tí a bá lè fi ojú rí i pé ògiri kan ń pẹ́ ju èkejì lọ, a ti mọ ẹni tó yẹ. Ìwádìí PROSPECT, tó jáde ní 2008, dán ọ̀nà ìwọ̀n 12 wò lára aláìsàn 498, kò sì sí ọ̀kankan tó ṣeé gbára lé. Ohun mìíràn tún hàn níbẹ̀ tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù. Nígbà tí wọ́n wo bára ṣe rí lára aláìsàn, 69 nínú 100 ló sàn fún. Nígbà tí wọ́n wo bóyá ọkàn tó ti fẹ̀ jù ń súnkì padà, 56 nínú 100 péré ni. Àwọn aláìsàn kan náà, ẹ̀rọ kan náà, èsì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Torí náà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àyẹ̀wò kan ń sọ ẹni tí CRT máa jẹ́ fún, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló fi wọn jíjẹ́ náà.

Ó kù kí á wo àyẹ̀wò orí kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ náà dúró lójú kan. Wọ́n á ṣètò ìjókòó rẹ̀ kí orúnkún má ká jù. Wọ́n á lẹ wáyà ECG mọ́ àyà, wọ́n á fi bẹ́líìtì ìfúnpá sí apá kan, wọ́n á fi ohun kékeré kan há orí ìka tàbí etí láti wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Ìbòmú rọ́bà ló kẹ́yìn, wọ́n sì máa ń tẹ̀ ẹ́ yíká ojú láti rí i pé afẹ́fẹ́ ò jò, torí gbogbo èémí tó bá wọlé àti èyí tó bá jáde ni ẹ̀rọ ń ṣírò. Ó máa ń wọn iye ọ́síjìn tí ara gbà àti iye carbon dioxide tí ara tú jáde. Ní ìṣẹ́jú bíi méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, kẹ̀kẹ́ fúyẹ́. Lẹ́yìn náà á máa wúwo díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á ti ṣètò rẹ̀ kí okun tó tán láàárín ìṣẹ́jú 8 sí 12. Nítorí ìbòmú, aláìsàn kì í lè sọ̀rọ̀, kó fọwọ́ tọ́ka sí pátákó tí wọ́n kọ 6 títí dé 20 sí ni. Bó bá tọ́ka sí 9, ó ṣì rọrùn. Bó bá dé 17, iṣẹ́ ti wọ ọ́ lára. Ibẹ̀ ni oníṣẹ́ ẹ̀rọ á ti máa ní ó kù díẹ̀, ẹ ṣe díẹ̀ sí i.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn ọmọ pé àyẹ̀wò lè pa màmá kò ṣẹlẹ̀ lásán, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò tì í lẹ́yìn. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní HF-ACTION, àwọn aláìsàn tí ọkàn wọn kò lágbára ṣe irú àyẹ̀wò yìí ní ìgbà tó lé ní 4,000. Ẹnì kankan kò kú nígbà àyẹ̀wò.

Nọ́ńbà tí gbogbo èèyàn ń wò ni ọ́síjìn tó pọ̀ jù tí ara lè lò, mílílítà mélòó fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ń lo bíi 3.5. Ẹni tó ní àìlera ọkàn tí kò lè ju 10 lọ, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè ṣe ju ìlọ́po mẹ́ta jíjókòó lọ. Ní 1991, àwọn dókítà kan ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà fi nọ́ńbà yìí pín àwọn aláìsàn tí wọ́n ń rò bóyá kí wọ́n pààrọ̀ ọkàn fún. Nínú 100 àwọn tí tiwọn ju 14 lọ, 94 ló ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún kan. Láti ìgbà náà ni 14 ti di ààlà tí gbogbo ayé mọ̀. Nígbà tí oògùn tí wọ́n ń pè ní beta-blocker wá di ohun tí gbogbo aláìsàn ọkàn ń lò, tó sì mú kí wọ́n pẹ́ láyé sí i, wọ́n gbé ààlà náà wálẹ̀ sí 12 fún àwọn tó ń lò ó.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn ní àléébù kan tó yẹ kí gbogbo ẹbí mọ̀. Ó nílò kí aláìsàn ṣe é dé òpin agbára rẹ̀. Tí orúnkún bá ń dun màmá, tí ìbòmú bá ń há wọn láyà, tí wọ́n bá dúró ní ìdajì ọ̀nà, 11 tó jáde yẹn kì í ṣe ti ọkàn, ti orúnkún ni. Ẹ̀rọ máa ń fi èyí hàn. Tí carbon dioxide tó ń jáde bá ti ju ọ́síjìn tó ń wọlé lọ, tí ìpín wọn dé 1.10, a mọ̀ pé aláìsàn ṣe é tọkàntọkàn. Tó bá parí sí 0.9, kí dókítà má fi nọ́ńbà náà dájọ́ kankan. Nọ́ńbà kejì tiẹ̀ wà tí kò nílò kéèyàn ṣe é dé òpin. Òun ni lítà afẹ́fẹ́ mélòó tí aláìsàn ní láti mí kó tó lè tú lítà kan carbon dioxide jáde. Kò yẹ kó ju 30 lọ. Tó bá ti dé 36, ọ̀rọ̀ ti ń le. Tó bá dé 45, ó le gan-an. Ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tí iṣẹ́ ò tíì tó nǹkan, nọ́ńbà yìí ló ń tú àṣírí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i.

Ibi tó ta kókó nìyí o. Ẹ jẹ́ ká sọ pé aláìsàn méjì ní 11, àwọn méjèèjì sì ṣe é dé òpin. QRS ọ̀kan jẹ́ 165, ẹ̀ka òsì rẹ̀ ti bàjẹ́. QRS èkejì jẹ́ 100. Lójú nọ́ńbà orí kẹ̀kẹ́ yìí, ewu ikú tó wà níwájú àwọn méjèèjì jọra. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló ní ohun tí CRT lè tún ṣe. Iná ọkàn ẹnì kejì ń rìn bó ṣe yẹ. Tí a bá fi wáyà mẹ́ta sí i lára, ọ̀nà tó dáa là ń fi ọ̀nà ẹ̀yìn rọ́pò. Èyí kì í ṣe àbá lásán. Wọ́n dá ìwádìí EchoCRT dúró láìpé ọjọ́ ní 2013. Aláìsàn 809 tí QRS wọn kò tó 130 ni wọ́n lò, wọ́n fi ẹ̀rọ sí gbogbo wọn, wọ́n sì tan ti ìdajì. 45 kú lára àwọn tí wọ́n tan tiwọn, 26 lára àwọn tí wọ́n pa tiwọn. Ìwádìí kan tó ṣáájú rẹ̀, PATH-CHF II ní ilẹ̀ Yúróòpù, ti lo àyẹ̀wò orí kẹ̀kẹ́ gan-an láti fi wọn ìyàtọ̀ yìí: àwọn tí QRS wọn ju 150 lọ rí bíi 2.5 kún ọ́síjìn tí wọ́n lè lò, àwọn tí tiwọn wà láàárín 120 sí 150 kò rí nǹkan kan.

Bẹ́ẹ̀, láàárín àwọn tó tó fún CRT, àwọn tí okun wọn kéré jù nígbà ìbẹ̀rẹ̀ ló sábà máa ń jèrè jù lórí kẹ̀kẹ́. Onímọ̀ ọkàn Auricchio àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì kíyè sí èyí láti 2002. Ó bọ́gbọ́n mu. Ẹni tó ti wà nílẹ̀ pátápátá ní ibi púpọ̀ láti gòkè sí. Ẹni tó ti ní 20 tẹ́lẹ̀, èwo ni ẹ̀rọ fẹ́ fi kún un? Ìdí nìyí tí mo fi ní kí àwọn ọmọ màmá yẹn má sunkún nítorí 11.

Ṣùgbọ́n ẹ rọra o. Pańpẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù lónìí, ó lè jẹ́ pé ọjọ́ náà kàn burú fún un ni: kò sùn dáadáa, omi pọ̀ lára rẹ̀, ẹ̀rù ìbòmú bà á. Tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, á gòkè láìsí pé ẹnikẹ́ni fi nǹkan kan sí i lára. Èyí ni mítà 10 inú MIRACLE. Èyí tó tún hàn kedere jù ni ìwádìí RethinQ ní 2007, tó fi àyẹ̀wò yìí gan-an ṣe adájọ́. Aláìsàn 172 tí QRS wọn kò tó 130 ni wọ́n lò, wọ́n sì fi ẹ̀rọ sí gbogbo wọn. Ìbéèrè wọn ni pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ta ni ọ́síjìn rẹ̀ á fi 1 gòkè ó kéré tán? Láàárín àwọn tí wọ́n tan tiwọn, 46 nínú 100. Láàárín àwọn tí wọ́n pa tiwọn, 41 nínú 100. Ẹ wò ó dáadáa: ẹ̀rọ wà ní pípa, síbẹ̀ mẹ́rin nínú mẹ́wàá sàn lórí kẹ̀kẹ́. Tí a kò bá ní àwọn tí a pa tiwọn láti fi wé e, a bá ti máa sọ pé ẹ̀rọ ń jẹ́, à bá sì máa kọ ìwé lórí irú èèyàn tó ń jẹ́ fún.

Ọ̀pọ̀ ìwádìí tó ní òun ti rí nọ́ńbà tó ń sọ ẹni tí CRT máa jẹ́ fún, inú pańpẹ́ yìí ló wà. Aláìsàn díẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n tan tiwọn, kò sí ẹni tí a fi wé wọn. Mi ò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Mo kàn ń sọ pé kí a má tíì torí rẹ̀ ti ẹnikẹ́ni síta. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ECG, echo àti bí ara aláìsàn ṣe rí lórí oògùn ni ìlànà ńlá ilẹ̀ Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà fi ń yan ẹni tó yẹ fún CRT. Kò sí nọ́ńbà orí kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n fi ṣe ẹnu ọ̀nà.

Kí wá ni ìwúlò rẹ̀? Ó wà, ó sì pọ̀.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni láti wo ọkàn fúnra rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára, yálà lórí kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú echo, tàbí pẹ̀lú oògùn dobutamine tó ń mú ọkàn ṣiṣẹ́ bíi pé èèyàn ń sáré. Tí ọkàn tó rọ jọ̀bọ̀tọ̀ nígbà ìsinmi bá gbìyànjú díẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ dé, ó ṣì ní ẹran tó wà láàyè nínú. Ìwádìí LODO-CRT ní Ítálì lo dobutamine, ó sì rí i pé àwọn tí ọkàn wọn ṣì ní agbára nípamọ́ báyìí ni CRT sábà máa ń jẹ́ fún. Ẹni tí ògiri òsì rẹ̀ ti di àpá nítorí ìkọlù ọkàn, tí wáyà kẹta bá bọ́ sórí àpá yẹn, a kàn ń fi iná ta ohun tí kò lè gbọ́ mọ́ ni.

Ìkejì ni pé àyẹ̀wò yìí mọ ohun tó dá èèyàn dúró. Nínú gbogbo ìwúlò rẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ abẹ, èyí ni mo fẹ́ràn jù. Èémí lè há nítorí ọkàn, ó lè há nítorí ẹ̀dọ̀fóró tí sìgá tàbí èéfín ti bàjẹ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó kéré, nítorí iron tó ti gbẹ lára, nítorí ẹsẹ̀ tó ti jókòó jù. Lójú aláìsàn, ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀: mi ò lè mí. Lójú ẹ̀rọ, ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró dá dúró máa lo gbogbo àyè èémí rẹ̀ tán kí ọkàn rẹ̀ tó sáré dé ibi tó yẹ. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró dá dúró, CRT lè tún iná ọkàn rẹ̀ ṣe pérépéré kó má sì lè gun àtẹ̀gùn síbẹ̀. Ó dáa kí ẹbí mọ èyí ṣáájú ju kí wọ́n máa bú dókítà lẹ́yìn.

Ìkẹta, lẹ́yìn tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iṣẹ́ parí síbẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí aláìsàn bá dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà àyẹ̀wò, ẹ̀rọ á máa lu ọkàn dáadáa. Nígbà tó bá ń rìn lọ sọ́jà, ọ̀rọ̀ lè yí padà. Wọ́n máa ń fún ẹ̀rọ ní ààlà bó ṣe lè yára tó, bíi 120 tàbí 130 ní ìṣẹ́jú kan. Tí ọkàn bá sáré kọjá ibẹ̀, ẹ̀rọ ò lè bá a lọ mọ́, iná àtijọ́ tó ń gba ọ̀nà gbẹ̀rẹ́ á sì tún gba ipò rẹ̀. Lórí ECG, ẹ ó rí i lójú ẹsẹ̀: ìlà QRS tó ti tẹ́ẹ́rẹ́ á fẹ̀ padà ní ìṣẹ́jú karùn-ún tàbí ìkẹfà, aláìsàn á tọ́ka sí 17 lójijì. Àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ abẹ. Kọ̀ǹpútà ni dókítà fi máa yí ètò ẹ̀rọ padà. Fún àwọn kan, òdìkejì ni: ọkàn wọn kì í sáré rárá bó ti wù kí iṣẹ́ pọ̀ tó, nígbà náà wọ́n á tan apá kan nínú ẹ̀rọ tó ń mọ̀ pé ara ń mì, kó lè mú ọkàn yára. Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé nígbà tí wọ́n wo àkọsílẹ̀ àwọn tó lé ní 36,000 tó ní ẹ̀rọ yìí ní Amẹ́ríkà, àwọn tó pẹ́ láyé jù ni àwọn tí ẹ̀rọ ń lu ọkàn wọn ju 98 lọ nínú ìgbà 100. Ẹ̀rọ tó sì ń lù ú ní 90 lè dà bíi pé ó ń ṣe dáadáa lójú ẹni tí kò mọ̀.

Lọ́dọ̀ wa nílé, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Nínú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn 452 tí àìlera ọkàn gbé wá sọ́sibítù ní Abẹ́òkúta, ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa ti èyí tó ju mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ, ọjọ́ orí wọn sì jẹ́ bíi 57 tí a bá pín in dọ́gba. Kì í ṣe gbogbo irú ọkàn bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ka iná rẹ̀ bàjẹ́. Ẹni tí QRS rẹ̀ kò gùn, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò déédéé á ṣe é láǹfààní ju ẹ̀rọ olówó gọbọi tí àbúrò láti òkè òkun fẹ́ sanwó rẹ̀ lọ. Níbi tí kò bá sì sí ẹ̀rọ ìbòmú, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́fà wà: ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó gùn ní mítà 30, aago kan, nọ́ọ̀sì kan. Aláìsàn á máa lọ, á máa bọ̀. Tó bá rẹ̀ ẹ́ kó dúró, ṣùgbọ́n aago kì í dúró dè é. Kò lè sọ ohun tó dá a dúró, àmọ́ wọ́n lè fi ti òní wé ti oṣù mẹ́fà sí i.

Fún ẹni tí wọ́n bá ti dá ọjọ́ àyẹ̀wò fún: ẹ má torí rẹ̀ dá beta-blocker dúró àyàfi tí dókítà bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, torí bí ara yín ṣe rí pẹ̀lú oògùn ni wọ́n fẹ́ mọ̀. Ẹ jẹun díẹ̀, kó tó bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó débẹ̀, kí ẹ sì wọ bàtà tó ṣeé rìn. Tí àyà bá ń dùn yín tàbí òòyì ń kọ́ yín lórí kẹ̀kẹ́, ẹ ṣe àmì lójú ẹsẹ̀. Bí èsì bá jáde, ẹ má kàn bèèrè pé mélòó ni. Ẹ bèèrè pé ṣé mo ṣe é dé òpin, àti pé ṣé ọkàn ló dá mi dúró àbí nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá sì ti ní ẹ̀rọ tó lè ta ọkàn gìrì lára, kó mú káàdì ẹ̀rọ náà dání kó sì fi hàn wọ́n kí ó tó gun kẹ̀kẹ́, kí wọ́n lè mọ ibi tí eré ọkàn máa dé tí ẹ̀rọ á fi ta á, kí wọ́n sì dá àyẹ̀wò dúró kó tó débẹ̀.